Òrùlé Akọ̀wé Gòróyè

Bí ire bá dédé já lu èèyàn ní ìlú mìíràn, wọ́n á bá a yọ̀, wọ́n á ní kó wá nǹkan mímu. Ní Òkè-Awùsá, wọ́n á kọ́kọ́ gbójú sókè wo orí ilé rẹ̀ ná, wọ́n á wá sọ pé, "Kó o tó dúpẹ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn, wo òrùlé rẹ." Ọdún tí tíkẹ́ẹ̀tì mi jẹ àgbò nínú tọ́ḿbólà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, àna mi kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ló sọ ọ́ sí mi létí. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo jáde lóòótọ́, mo gbójú sókè wo òrùlé mi. Alángbá kan ló wà níbẹ̀, ó ń mi orí. Mo padà wọlé, mo bi àna mi pé kí ló kan atẹ́gùn nínú ọ̀rọ̀ àgbò, kí ló sì tún kan òrùlé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bí n bá ṣèlérí itan kan nínú àgbò náà fún òun, òun á ròyìn bí òwe náà ṣe dáyé. Mo ṣèlérí. Ohun tí mo fi itan àgbò rà rèé. Ẹ̀yin ní tiyín, ọ̀fẹ́ lẹ máa gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Láyé ìgbà tí páànù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìgbèríko, koríko bẹẹrẹ ni gbogbo ilé Òkè-Awùsá fi borí, àfi ilé kan ṣoṣo. Ilé Akọ̀wé Gòróyè ni. Sámúẹ́lì Adégòróyè ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sì ti ṣe akọ̀wé kóòtù ní ìlú ńlá fún ọdún mẹ́tàlélógún kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ó kó páànù bọ̀, ó kó àga ìrọ̀gbọ̀kú kan bọ̀, ó sì gbé ìwé díṣọ́nnárì kan bọ̀ tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Díṣọ́nnárì náà kì í ṣe èyí tó kàn ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lásán. Ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, ta ni bàbá rẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì wo ni wọ́n sì so pọ̀ kó tó di ẹyọ kan.

Ìwé yìí kò jẹ́ kí ará àdúgbò ó gbádùn. O kí Akọ̀wé pé ẹ kú àárọ̀, ó bi ọ́ bóyá o mọ ìdí tí òyìnbó fi ń pe oúnjẹ àárọ̀ ní bírékífáàsì. Kó o tó sọ pé o ń lọ sóko, ó ti ń ṣàlàyé pé òyìnbó ka oorun òru sí ààwẹ̀, pé oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n fi ń ṣínu, òun ni wọ́n ṣe so ìṣínu àti ààwẹ̀ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ tó ṣàlàyé èyí fún Súlè Káfíńtà, tó jẹ́ mùsùlùmí, Súlè gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Súlè ní, "Akọ̀wé, ẹni tó jẹun alẹ́, tó sùn, tó jí, òun ló ń pe ara rẹ̀ ní aláàwẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Kí wọ́n wá bá wa gba ọgbọ̀n ọjọ́ wò."

Súlè yìí ló kan òrùlé Akọ̀wé. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe kàn án, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Páálí ìṣó méjì ni Súlè ní kí Akọ̀wé rà. Akọ̀wé ní ẹyọ kan tó, pé ìṣó kì í ṣe ohun tí àlejò máa rí. Ibi tó yẹ kí ìṣó mẹ́ta wà, Súlè kan ẹyọ kan, ó ń mi orí bó ṣe ń kàn án. Ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni igi ìyeyè méje tí bàbá Akọ̀wé gbìn sẹ́yìn ilé kó tó kú. Àwọn igi náà ga ju ilé lọ, ìhà tí ìjì ti máa ń wá ni wọ́n tò sí, wọ́n sì ń dá atẹ́gùn dúró.

Ẹni tó múlé ti Akọ̀wé ni Ìyá Abíọ́nà, opó kan tí kì í pariwo. Ọkọ rẹ̀ fi yàrá kan sílẹ̀ fún un àti igi àgbàlùmọ̀ kan. Yàrá ò dára, igi ló dára. Àgbàlùmọ̀ tó ń so dùn débi pé àwọn èèyàn ń ti ìlú kejì wá rà á. Ẹnu ààlà ni igi náà wà, ìdajì ẹ̀ka rẹ̀ sì na ọwọ́ sínú àgbàlá Akọ̀wé.

Àṣà Òkè-Awùsá lórí àgbàlùmọ̀ kò le rárá. Ẹnikẹ́ni kì í gun igi rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀pá gbọ̀n ọ́n, nítorí èyí tí a bá ká, kíkan ló máa ń kan. Wọ́n á dúró kó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni. Bó bá wá já bọ́, àṣà náà kò ju gbólóhùn kan lọ: Jẹ, má dì. Ìyẹn ni pé èyí tó bá bọ́ síwájú rẹ, o lè jẹ ẹ́ níbi tó o dúró sí, bó jẹ́ márùn-ún lo jẹ, onígi ò ní bi ọ́. Èyí tó o bá fẹ́ dì sínú apẹ̀rẹ̀ lọ, ti onígi ni. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àlejò mọ̀ ọ́n, ewúrẹ́ nìkan ni kò gbà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ìyá Abíọ́nà ní ìdí tí kò fi fẹ́ kí ẹyọ àgbàlùmọ̀ kan sọnù. Abíọ́nà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú oyún àkọ́kọ́ nílé ọkọ, ó sì ti ránṣẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá òun lòun máa wá bímọ sí, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òrùlé bẹẹrẹ tó wà lórí yàrá ìyá rẹ̀ sì ti di asẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, ìkòkò mẹ́rin ni Ìyá Abíọ́nà máa ń tẹ́ sínú yàrá, òun fúnra rẹ̀ á jókòó sùn láàárín wọn. Ó ti pinnu pé àgbàlùmọ̀ ọdún náà lòun máa tà, tóun á fi ra páànù mẹ́jọ, èyí tó lè bo yàrá kan. Ó máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi àti òjò ti mọra, a lè jọ sùn. Ọmọ tuntun ò mọ̀ ọ́n rí."

Nígbà tí ọ̀yẹ́ wọlé, àgbàlùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Akọ̀wé jẹ ẹyọ kan ní àgbàlá rẹ̀. Ó dùn. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé apẹ̀rẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé ebi ń pa á o. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní kóòtù ìlú ńlá ló ń fi í ránṣẹ́ sí, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè máa sọ pé Gòróyè ti di olóko.

Ìyá Abíọ́nà rí i láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà. "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé o, Ìyá Abíọ́nà."

"Èyí tẹ́ ẹ ń ṣà yẹn, ṣé ẹ máa bá mi gbé e wá ni, àbí kí n wá gbé e?"

Akọ̀wé na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ jókòó kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan fún yín."

"Mi ò jókòó."

Kò jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n Akọ̀wé ṣàlàyé títí òjìji àwọn méjèèjì fi yí sí òdìkejì. Nígbà tó parí, Ìyá Abíọ́nà yíjú kúrò. Ó tún ìró rẹ̀ dì, ó gba ilé Baálẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìyá Abíọ́nà mú ẹnu rẹ̀ wá. Akọ̀wé gbé díṣọ́nnárì wá, ó sì ti fi apẹ̀rẹ̀ àgbàlùmọ̀ kan ránṣẹ́ síwájú, ó ní ìkíni lásán ni. Baálẹ̀ ti jẹ tó mẹ́fà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Súlè àti àwọn èèyàn mìíràn ti kún ẹnu ọ̀nà, nítorí ọjọ́ tí Akọ̀wé bá ṣí ìwé, ìran ni.

Baálẹ̀ ní, "Akọ̀wé, wọ́n ní ò ń di àgbàlùmọ̀ onígi."

"Baálẹ̀, mi ò gun igi ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn ló gbé e fún mi." Ó fi awò sójú, ó lá ìka, ó ṣí ìwé. "Ọ̀rọ̀ náà rèé. Wíńdífọ́ọ̀lù. Wíńdì ni atẹ́gùn. Fọ́ọ̀lù ni kí nǹkan ṣubú. Òyìnbó so méjèèjì pọ̀, wọ́n di ẹyọ kan."

"Kí ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ṣe?"

"Baálẹ̀, láyé àtijọ́ nílùú òyìnbó, àwọn ọlọ́lá ló ni gbogbo igbó. Mẹ̀kúnnù ò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ká èso. Ṣùgbọ́n igi tí atẹ́gùn bá wó tàbí èso tí atẹ́gùn bá gbọ̀n sílẹ̀, ẹni tó bá bá a pàdé ló ni ín. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ti wá dàgbà lónìí. Ire yòówù tó bá já lu èèyàn láìlàágùn, wíńdífọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é."

"Ṣé ọba wọn mọ̀ sí i?"

"Ọba wọn gan-an ló fọwọ́ sí i." Èyí kò sí nínú ìwé o. Èmi ò rí ìwé náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ irú èèyàn tí Akọ̀wé jẹ́.

Ìyá Abíọ́nà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀. Akọ̀wé, ta lẹ ní wọ́n gbà láyè kó máa ṣà á?"

"Mẹ̀kúnnù."

"Nínú èmi tí mò ń fi ìkòkò gba òjò àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kan páànù, ta ni mẹ̀kúnnù?"

Ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé rọra pa ìwé dé. "Ìyá Abíọ́nà, ẹ ò gbọ́ mi yé. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà. Ọmọ tó bá ti dàgbà, ẹ kì í tún bi í léèrè ibi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé."

"Ẹ̀yin lẹ ṣí ìwé láti sọ ibi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́."

Ibi tó yẹ kí ẹjọ́ parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbàlùmọ̀ wà lẹ́nu Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì wà létí rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì dùn mọ́ ọn. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Èmi ò lè jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òfin tó dára tó báyìí dé Òkè-Awùsá, mo lé e padà. Láti òní lọ, ohun tí atẹ́gùn bá gbé sọ sí àgbàlá ẹni, tẹni náà ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a du ú."

Wọ́n kéde rẹ̀ yíká ìlú ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó dun Ìyá Abíọ́nà dọ́kàn. Ó lọ sílé, ó ka àwọn ẹ̀ka tó kù sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa so kò lè ra ju páànù mẹ́ta lọ. Páànù mẹ́ta ò lè bo orí àti ẹsẹ̀ ọmọ pọ̀.

Inú Akọ̀wé wá dùn ju bó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn lọ. Láràárọ̀ ló ń gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ sábẹ́ igi náà, ó to apẹ̀rẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, tí àgbàlùmọ̀ já, á ṣí fìlà, á gbójú sókè, á ní, "Atẹ́gùn, mo dúpẹ́ o." Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí ọ̀kan bá já bọ́ sí òdìkejì ọgbà, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti wọ nǹkan báyìí, oorun kì í kùn ún mọ́. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àgbàlùmọ̀ tó ń já kò tó èyí tó wà lókè. Ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó rí i pé igi ìyeyè méje ti bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀yẹ́ ń parí lọ, ó pe àwọn agégi. Igi tí bàbá rẹ̀ fi ogún ọdún tọ́, wọ́n fi ọjọ́ méjì wó o.

Súlè ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó bá ìyeyè méje nílẹ̀, ó bá Akọ̀wé lórí àga. Ó dúró, ó wo àwọn igi, ó wo páànù, ó tún wo ojú sánmà.

"Akọ̀wé, kẹ́ ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn, ẹ wo òrùlé yín."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Súlè, ìwọ tí o ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀, lo fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn lórí atẹ́gùn?"

"Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ iye ìṣó tí mo kàn."

Ó gbé àpótí rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àkọ́rọ̀ òjò fi dé. Ọ̀sán gangan ni. Ojú ọjọ́ ṣú, àwọn obìnrin ń sáré kó aṣọ, ewúrẹ́ ń wá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé kò wá ibì kankan. Apẹ̀rẹ̀ ńlá mẹ́fà ló tò sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Atẹ́gùn kọ́kọ́ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àgbàlùmọ̀ dà sílẹ̀ wàràwàrà. Akọ̀wé ṣí fìlà, ó ní, "Atẹ́gùn, mo dúpẹ́ o." Atẹ́gùn tún fẹ́, nǹkan kan dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ dí. Ó tún dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta kì í ṣe atẹ́gùn mọ́, ìjì ni. Ó gba ibi tí ìyeyè méje ti máa ń dí i lọ́nà, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó wọ abẹ́ páànù, ó sì gbé e.

Akọ̀wé rí nǹkan tó kọjá lókè orí rẹ̀, tó ń dán, tó ń pariwo. Nígbà tó yíjú padà, ó rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó rí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó rí díṣọ́nnárì lórí tábìlì, òjò sì ń rọ̀ sórí gbogbo wọn. Ìdajì òrùlé ti lọ. Ẹnì kan tó ń sáré kọjá kí i láti ojú ọ̀nà pé, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i o, Akọ̀wé."

Nígbà tí òjò dá, Ìyá Abíọ́nà jáde nínú yàrá rẹ̀ láti da omi inú ìkòkò nù. Páànù mẹ́tàlá ló bá nílẹ̀ ní àgbàlá. Márùn-ún mìíràn há sórí igi àgbàlùmọ̀ níhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n so rọ̀ láàárín ewé, wọ́n ń mì. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó jókòó lé e.

Akọ̀wé dé pẹ̀lú àkàbà. "Ìyá Abíọ́nà, ẹ kú ewu ìjì o. Mo wá kó páànù mi."

"Èwo ni tiyín níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Ta ló gbé e síbí?"

Akọ̀wé gbé àkàbà láti èjìká ọ̀tún sí òsì. "Ìjì ni."

"Ìjì kọ́ ni àgbà atẹ́gùn?"

Akọ̀wé gbójú sókè. Ó gbé àkàbà ti igi, ó ní kóun kúkú kọ́kọ́ gun òkè lọ já àwọn márùn-ún tó há. Ìyá Abíọ́nà fọwọ́ kan àkàbà náà.

"Akọ̀wé, ọmọ ibí ni yín. A kì í gun àgbàlùmọ̀. Ẹ dúró kó já bọ́ fúnra rẹ̀."

Ilé Baálẹ̀ ni wọ́n tún parí rẹ̀ sí. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ìlú ló wá, kódà àwọn tó ń gbọ́n omi nínú yàrá tí òjò wọ̀ fi í sílẹ̀. Akọ̀wé sọ bó ṣe ra páànù náà, ó sọ bó ṣe rù ú wá láti ìlú ńlá. Baálẹ̀ gbọ́ ọ, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Akọ̀wé, ìwé yẹn nípọn. Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀ tó lè gbà ọ́?"

Akọ̀wé gbé díṣọ́nnárì sórí eékún. Omi ti wọ̀ ọ́, ó ti wú, ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó gbìyànjú níwájú, kò ṣí. Ó gbìyànjú láàárín, kò ṣí. Ibì kan ṣoṣo ló gbà láti ṣí, ibi tó ti ṣí lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ẹ̀yìn ìwé mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó wò ó, ó tún rọra pa á dé. Gbogbo ìlú ló mọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Bí mo bá yí òfin padà lónìí, mo gbọ́dọ̀ dá apẹ̀rẹ̀ àgbàlùmọ̀ padà, mo sì ti jẹ ẹ́ tán. Ohun tí atẹ́gùn bá gbé sọ sí àgbàlá ẹni, tẹni náà ni. Ìyá Abíọ́nà, ìwọ lo ni páànù."

Ariwo sọ. Akọ̀wé jókòó bí ẹni tí wọ́n kó ẹrù lé lórí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìyá Abíọ́nà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá kúnlẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ ṣé. Òfin yín tuntun ló fún mi ní páànù. Ṣùgbọ́n òfin tí mo bá láyé ní kí n jẹ, kí n má dì. Mẹ́jọ ló bo yàrá mi. Mo jẹ mẹ́jọ. Àwọn márùn-ún tó kù nílẹ̀, kí Akọ̀wé wá kó wọn. Àwọn tó wà lókè, ọjọ́ tí wọ́n bá já, kó mú tirẹ̀. Àgbàlùmọ̀ tí wọ́n dì lọ sílùú ńlá, mi ò bèèrè rẹ̀ mọ́."

Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wo ilẹ̀. Ojú tì í, ó sì yẹ kó tì í. Ó ní kí wọ́n tún kéde yíká ìlú pé òfin atẹ́gùn ti padà sílùú òyìnbó, pé Jẹ, má dì ló kù.

Súlè kan páànù mẹ́jọ náà fún Ìyá Abíọ́nà. Páálí ìṣó méjì ló lò lórí yàrá kan ṣoṣo, ó ń kàn án, ó ń fò, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé ní tirẹ̀ gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ wá sábẹ́ igi, ó jókòó de páànù márùn-ún tó há lókè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jókòó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, á sá, kí páànù má bàa bẹ́ ẹ lórí. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn mọ́. Àwọn tó ń kọjá ló ń bá a sọ ọ̀rọ̀ tí Súlè ti sọ fún un lọ́jọ́sí, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rìn kọjá bí ẹni pé wọn ò sọ nǹkan kan. Páànù tó rí gbà padà kò tó, èyí tó já bọ́ sì ti ká kò. Bẹẹrẹ ni wọ́n fi dí ibi tó kù.

Abíọ́nà dé, ó bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, òjò ńlá rọ̀, ó ń dún lórí páànù Ìyá Abíọ́nà, ọmọ náà sì sùn, kò ta pútú. Akọ̀wé wà ní ilé kejì, ó ń gbọ́ ohùn páànù tó rù wá láti ìlú ńlá, bẹẹrẹ tuntun sì ń jò sí i lórí. Nígbà tí òjò dẹwọ́, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá Abíọ́nà ló dúró níbẹ̀. Ó gbé ìkòkò mẹ́rin wá.

Ó ní, "Akọ̀wé, mi ò lò ó mọ́. Ẹ gbé èyí tó tóbi jù sí ìhà orí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jò."

Wọ́n ní Akọ̀wé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà. Nígbà tí díṣọ́nnárì gbẹ, ó mú kálàmù, ó ṣí i sí ojú ewé tó mọ̀, ó sì fi èdè Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ Súlè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀, kì í ṣí ìwé mọ́. Ọwọ́ ló fi ń nà sí òrùlé.

Bí àna mi ṣe parí ìtàn rẹ̀ nìyẹn, ó sì rán mi létí itan àgbò. Mo ní kó jókòó ná. Mo tún jáde lẹ́ẹ̀kejì. Alángbá ti sá lọ. Àgbò tí mo jẹ láìlàágùn, tí mo ti ń dúpẹ́ rẹ̀ láti àná, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo so ó mọ́. Ó ti fi orí kan òpó náà títí ìdí rẹ̀ fi ń mì, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ti ń tẹ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tú àgbò, mo fi igi ti òpó, mo padà wọlé lọ bá àna mi.

Mo ní, "Ó yé mi wàyí. Kéèyàn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn, kó wo òrùlé rẹ̀."

Ó ní, "Itan méjì ló yẹ kí n gbà." Mo sì fún un ní méjèèjì.